Ta Ni Ó Ni Orin? Ọ̀gá àti Ọmọ Ẹgbẹ́ nínú Ìtàn Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin

Ní oṣù kìíní ọdún 1971, jàǹbá ọkọ̀ pa Rex Jim Lawson, gbajúmọ̀ olórin highlife, ní Urhonigbe, nígbà tí ó ń lọ ṣeré ní ìlú Warri. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju bí ọdún kan lọ. Ọ̀fọ̀ ńlá ni ikú náà jẹ́ fún Port Harcourt àti fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Rivers. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹkún, ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Ọ̀gá ti lọ. Àwọn tí ń fun fèrè, tí ń ta gìtá, tí ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ta ni ó wá ni ẹgbẹ́? Ta ni ó ni orin?

Bí a bá ní ọ̀gá ni ó ni ín, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ ti bá ọ̀gá wọ ilẹ̀ nìyẹn. Bí a bá sì ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ni ín, a jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ti ní ìpín nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wà láàyè. Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjà tí ń tú ẹgbẹ́ olórin ká. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé owú ni, tàbí ìwọra, tàbí ọwọ́ ayé. Òótọ́ lè wà nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tú ìtàn wò fínnífínní, yóò rí i pé ohun kan wà tí ó jinlẹ̀ ju owú lọ: orúkọ ẹnì kan ni a kọ sára àwo, ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ ni ó ṣe ohun tí ó wà nínú àwo náà.

ỌMỌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ SỌ LÓRÚKỌ

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ Port Harcourt dó sórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre ní ọdún 1912 sí 1913, kí èédú tí wọ́n rí ní Enugu lè rí ọ̀nà dé òkun. Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, sọ ìlú náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin so èbúté yìí mọ́ Enugu ní ọdún 1916, ẹ̀yà gbogbo ń rọ́ wọlé: Kalabari, Okrika, Ìgbò, Ibibio, Yorùbá àti àwọn àlejò láti òkè òkun. Níbi tí atukọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti akọ̀wé bá ti ń gba owó oṣù, ilé ijó kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Èyí ni ó sọ Port Harcourt di ilé ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn olórin.

Ọmọ Buguma ní ilẹ̀ Kalabari ni bàbá Lawson; ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá náà bí ṣáájú rẹ̀ kú, nítorí náà wọ́n pè é ní Erekosima, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Yorùbá tí ó mọ Kòsọ́kọ́, Málọmọ́ àti Dúrójayé kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Ohun ìyanu ni pé ọmọ tí a kò fẹ́ kí ikú gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wá kún Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká.

Kì í ṣe orúkọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó wọ ẹgbẹ́ Starlite Melody Orchestra tí Lord Eddyson jẹ́ olórí rẹ̀ ní Port Harcourt, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ tí ń gbé ẹrù àti ohun èlò. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ fèrè trumpet. Lẹ́yìn náà ó bá Sammy Obot, Bobby Benson, Victor Olaiya, Chris Ajilo àti Roy Chicago ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá wo àkọsílẹ̀ yìí yóò rí i pé Lawson ti sìn ní abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn kí ẹlòmíràn tó wá sìn ní abẹ́ tirẹ̀.

Bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ wa gan-an ni ètò yìí rí. Ọmọ iṣẹ́ a máa gbálẹ̀, a máa gbẹ́rù, a máa fojú sí iṣẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti káfíńtà bá parí, ọ̀gá rẹ̀ yóò ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un. Àdúrà yóò wà, àsè yóò wà, gbogbo ayé yóò sì mọ̀ pé ó ti dá dúró. Fún olórin, kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni ó sábà máa ń bá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin tọwọ́ bọ ìwé. Àwọn yòókù ń gba owó iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá gbọ́n tó ọ̀gá, kò sí ẹnu ọ̀nà tí ó lè gbà jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá lọ, wọ́n á ní ó dalẹ̀. Bí ó bá dúró, inú rẹ̀ kò ní dùn. Àìsí ẹnu ọ̀nà yìí ni ó ń sọ ìdágbére di ìjà.

Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1960 sí 1969, Lawson ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Mayor's Dance Band, tí ń kọrin ní èdè Kalabari, ní Ìgbò àti ní àwọn èdè mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Ojukwu kéde Biafra. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt. Lawson, ọmọ Kalabari tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, kọrin fún Biafra, ó sì tún kọrin fún Gowon nígbà tí ìlú yí padà. Lẹ́yìn ìyípadà náà, Rivers Men ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ yí padà pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀. Ìgbà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ tí olórin fi ń pe ara rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

ẸYẸ ÒKUN TÍ KÒ NÍ BÀBÁ

Nígbà tí Lawson kú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò túká sí ilé oníkálukú. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Professional Seagulls. David Bull ni ó wá di ìlú-mọ̀ọ́ká láàrin wọn. Orin wọn tí a ń pè ní “Atabala Woman” tàn káàkiri, wọ́n sì ń jó o jìnnà sí etí òkun níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ó yẹ kí a kíyè sí orúkọ tí wọ́n mú. Wọn kò pe ẹgbẹ́ náà ní orúkọ ẹnì kankan. Ẹyẹ etí òkun ni wọ́n pè é, ẹyẹ tí gbogbo apẹja etí odò mọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni ó sìn ín. Ìka tí ń ta gìtá lẹ́yìn Lawson, òun náà ni ó tún ń ta á. Ẹnu tí ń fun fèrè kò yí padà. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní orin Rex Lawson, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń gbé e. Èyí kò bu Lawson kù rárá. Ohùn rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ kò ní arọ́pò, àwọn olórin ìran tuntun sì ń padà síbi orin rẹ̀ títí di òní: láti inú “Sawale” rẹ̀ ni Flavour ti yọ “Nwa Baby” tí gbogbo ọ̀dọ́ ń jó. Ṣùgbọ́n orí nìkan kò lè dá rìn. Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé e.

Ní Port Harcourt, ikú ni ó tú okùn tí ó so ọ̀gá mọ́ ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí a lè pè ní ọ̀dàlẹ̀. Ìtùfọ̀ ni ó dúró ní ipò fíríìdọ́ọ̀mù. Ní ìlú Èkó, láàrin ọdún 1970 sí 1979 kan náà, ojú ayé ni wọ́n ti tú irú okùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni ó jẹ́ kí ìrora rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn.

ÌLÙ TÍ Ọ̀GÁ KÒ KỌ

Tony Allen, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940, ti bá ẹgbẹ́ olórin bíi mélòó kan ṣiṣẹ́, títí kan Cool Cats ti Victor Olaiya, kí Fela Ransome-Kuti tó dán an wò ní ọdún 1964. Ó di onílù ẹgbẹ́ Koola Lobitos. Ó bá wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, níbi tí ojú Fela ti là sí ọ̀rọ̀ ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Afrobeat ti ń gbérí, ẹgbẹ́ náà sì di Africa 70.

Fela ni ó ń ronú orin, òun ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń sọ ohun tí gìtá yóò ta àti ohun tí fèrè yóò fun fún olúkúlùkù. Ìlù nìkan ni ó yàtọ̀. Tony Allen ni ó ń dá ohun tí yóò lù rò fúnra rẹ̀. Ó kó ohun tí ó gbọ́ nínú highlife, nínú jazz Amẹ́ríkà àti nínú ìlù ilé pọ̀, ó sì pín in sí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé onílù mẹ́rin ni ó jókòó. Fela fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba pé láìsí Tony Allen, kò ní sí Afrobeat.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ìjà wá fún? Ibi tí ìyìn wà kò jọ ibi tí owó wà. Fela fi hàn pé òun mọyì rẹ̀; ó ṣe olùdarí àwo tí Allen ṣe ní orúkọ ara rẹ̀, “Jealousy” ní ọdún 1975 àti “Progress” ní ọdún 1977. Síbẹ̀, bí owó orin tí wọ́n jọ ṣe ti ń wọlé, orúkọ kan ni ó ń tọ̀ lọ. Èrò inú ilé Fela ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kì í ṣe olórin, inú owó ẹgbẹ́ sì ni wọ́n ti ń jẹun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun sun Kalakuta. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú gba iwájú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Berlin ní ọdún 1978, ìròyìn tàn láàrin wọn pé Fela yóò ná owó eré náà sórí ètò ìdìbò ààrẹ tí ó ń lépa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1979, Tony Allen náà lọ.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti ìhà kejì pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Fela ni wọ́n lù, ilé Fela ni wọ́n sun, ìyá Fela ni wọ́n jù láti ojú fèrèsé. Ní ojú rẹ̀, orin kì í ṣe ọjà tí a ń pín èrè rẹ̀. Ohun ìjà ni. Ẹni tí ó wà lójú ogun kì í jókòó ṣírò owó. Lekan Animashaun, tí ó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún 1965, dúró tì í, ó sì di olórí àwọn olórin nínú Egypt 80 tí Fela dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó lọ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ó dúró kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun méjì tí ó dára ni ó ń bá ara wọn jà: ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ju òṣìṣẹ́ lọ.

ÌJÀ TÍ Ń BÍMỌ

Kì í ṣe gbogbo ìjà ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí Igo Chico, tí ń fun fèrè saxophone fún Fela, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1973, Fela kò wá arọ́pò lọ títí. Ó gbé saxophone náà fúnra rẹ̀, ó kọ́ ọ, ó sì fun ún nínú àwo “Gentleman” ní ọdún náà. Saxophone tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ Fela, ìlọ ẹnì kan ni ó fà á.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí a mọ̀ sí ọ̀gá lónìí ni wọ́n ti jáde lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Ebenezer Obey ti wà lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar kí ó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964. Sunny Adé kúrò nínú ẹgbẹ́ Moses Olaiya, tí ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ó sì dá Green Spots sílẹ̀ ní ọdún 1967. Sonny Okosun ta gìtá lẹ́yìn Victor Uwaifo ní Benin kí ó tó fi Ozziddi ṣe ọ̀nà tirẹ̀. Ká ní wọ́n dúró ni, orin jùjú àti highlife ìbá má tó bí ó ṣe tó.

Kẹ̀kẹ́ sì ń yí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lánàá ni ọ̀gá lónìí, ohun tí ó ṣe sí ọ̀gá rẹ̀ lè padà bá a. Nígbà tí orúkọ Sunny Adé kárí ayé, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Island gbé “Juju Music” jáde ní ọdún 1982, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó yẹ kí owó wọn pọ̀ sí i bí òkìkí ti pọ̀ sí i. Ní ìrìn-àjò kan sí Japan ní àárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ nínú wọn yapa kúrò, African Beats sì fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àrùn ilẹ̀ wa nìkan ni èyí, kí ó wo Beatles, ẹgbẹ́ orin rock tí òkìkí rẹ̀ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Ọ̀gá kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ní. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn lára àwo. Síbẹ̀, Lennon àti McCartney ni wọ́n ń kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin, orúkọ àwọn méjèèjì ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orin díẹ̀ ni àyè máa ń gbà fún George Harrison nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ó dìde kúrò níbi ìdánrawò, ó sì lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní ọdún 1970. Kí ọdún náà tó parí, Harrison gbé àkójọ àwo mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí omi tí a sé bá ti fọ́ ìdènà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe tú jáde. Èyí fi hàn pé ìjà inú ẹgbẹ́ kò ti ẹ̀yà wá, kò sì ti àìmọ̀wé wá. Ibikíbi tí ọwọ́ púpọ̀ bá ti ń ṣe ohun tí orúkọ díẹ̀ ń jẹ, ibẹ̀ ni yóò ti hù.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀYÀN MỌ̀

Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ojú ń wò, òun ni etí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá dákẹ́, tí omele bá ṣì í lù, ìyáàlù kò ní mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ lé. Àwọn Àyàn mọ èyí, nítorí náà owó tí a bá fún wọn ní òde kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ń pín in nínú agbo. Àwo orin ni ó yí ètò yìí padà. Ó gba orin kúrò lọ́wọ́ agbo, ó lẹ orúkọ kan mọ́ ọn, ó sì ní ẹni tí ó ni orúkọ ni ó ni èrè.

Òfin pàápàá pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 1988 ni ó wá fún àwọn tí ń ṣeré ní ẹ̀tọ́ tiwọn lórí eré tí wọ́n fi ara ṣe, yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó kọ orin. Nígbà náà, Tony Allen ti kúrò nílé. Ó rọrùn fún òfin láti mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ orin àti ohùn orin. Kò rọrùn fún un láti mọ ẹni tí ó ni ọwọ́ ìlù, bí ọwọ́ ìlù náà tilẹ̀ ni ó mú kí ayé dìde jó.

Paris ni Allen wá fi ṣe ibùgbé. Ní ọdún 1997 ni Fela kú. Ní ọdún 2007, àwo “The Good, the Bad & the Queen” jáde, Allen sì jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú Damon Albarn, Paul Simonon àti Simon Tong, àwọn olórin rock láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba. Ní ọdún 2013, òun àti Michael Veal gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, níbi tí ó ti sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, orúkọ rẹ̀ sì ti kúrò ní ẹ̀yìn orúkọ ẹlòmíràn.

Oríire ni tirẹ̀, nítorí pé ó pẹ́ láyé, ó sì rí ẹni bá a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fun fèrè, tí wọ́n lu ìlù fún Lawson ní Port Harcourt kò rí bẹ́ẹ̀. Orin wọn ṣì ń dún ní ibi ìgbéyàwó àti ibi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó o kò lè dárúkọ ẹnì kejì lẹ́yìn ọ̀gá. Iṣẹ́ ńlá ni èyí fún àwọn tí ń kọ́ ìtàn àti àṣà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa: kí wọ́n wá àwọn àgbà olórin tí wọ́n ṣẹ́kù ní ìlú kọ̀ọ̀kan rí, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó ta gìtá, ẹni tí ó lu kóńgà, ẹni tí ó fun fèrè kejì, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n sọ Lawson ní Erekosima kí ikú má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀: ikú ti gbọ́ orúkọ wọn, ayé ni kò tíì gbọ́ ọ.